Ta ló yẹ kó fọwọ́ sí requirement (àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kí software ṣe) kí IT tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Àdìó_BA: Ẹ kú iṣẹ́ o. Business analyst ni mí, ẹni tó ń kọ ohun tí bísínẹ́ẹ̀sì fẹ́ sílẹ̀ fún IT, ní báńkì kékeré kan l'Ékòó. Àwọn ará kírẹ́díìtì á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lórí WhatsApp, IT á ṣe é, tó bá dọjọ́ ìdánwò wọ́n á ní "àwa ò sọ bẹ́ẹ̀". Ni mo bá ṣe fọ́ọ̀mù tí gbogbo ọ̀gá gbọ́dọ̀ sáìn, ìwé wá ń sùn sórí tábìlì wọn báyìí. Kí ni ṣíṣe?

Ìyá Ìbejì: Gbogbo ọ̀gá kẹ̀? Ẹni tó ni owó project ni kó sọ pé ohun táa fẹ́ nìyí, kí IT sọ bóyá ó ṣeé ṣe àti bó ṣe máa pẹ́ tó, àwọn yòókù ẹ kàn fi tó wọn létí. Compliance (àwọn tó ń rí i pé a ò rú òfin) nìkan ni mi ò ní fò tó bá ti kan dátà kọsítọ́mà, òfin ààbò dátà ti 2023 yẹn (Nigeria Data Protection Act) ò ṣeré rárá.

kọ́ọ̀dù_bọ̀ọ̀yì: Jira, app tí wọ́n fi ń tọpa iṣẹ́, làwa ń lò, a ti sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ débi pé developer ò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí bísínẹ́ẹ̀sì bá tẹ Approve. Ẹ sì kọ ohun tẹ́ẹ máa fi dán an wò síbẹ̀, bíi "tí kọsítọ́mà ò bá san owó lásìkò, kí SMS lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì". Láìsí ìyẹn, sáìn lásán ni o jàre.

Àdìó_BA: Tí wọ́n bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí wọ́n ti sáìn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Change request tuntun nìyẹn, kí IT sọ ọjọ́ tó máa fi kún un, kí ẹni tó ni owó project tún sáìn. Ẹ má gbà á lẹ́nu lásán, kódà kó jẹ́ MD ló pè yín lálẹ́.