Aró di àlùkò lórí báńà: ẹ̀yin tó ń ya lógò, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú gbé iṣẹ́ lógò wọn fún mi. Wọn ò fẹ́ àpáta Olúmọ, mo sì dúpẹ́: ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé búrẹ́dì, Olúmọ ṣáá ni! Ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ la mú, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ fà.

Lójú kọ̀ǹpútà, ó dà bí aró gidi. Nígbà tí báńà dé, ó ti di àlùkò. Màmá alága wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́ ni aró wa." Mo ti yí fáìlì sí CMYK (ètò àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò), mo dín magenta (èyí tó pọ́n nínú wọn) kù, báńà dáa díẹ̀, àmọ́ bébà lẹ́tà tún ṣú jù. Irú ìwọ̀n wo lẹ̀ ń lò fún aró?

Òǹtẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá sún lógò náà kéré, gbogbo ìlà á lẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n ya ẹ̀dà kejì tí ìlà rẹ̀ mọ níwọ̀n, àbí àwọn oníbàárà yín máa ń sọ pé lógò méjì nìyẹn?