Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi: àwọ̀ ti padà bọ̀ sípò

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè pé àwòrán aṣọ òfì tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílọrin ń yọ ìlà-ìlà, tí àlàárì ń dà bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Mọ́nítọ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Mo tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo nu eruku ara káàdì àwòrán, ìyẹn pátákó tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀: mẹ́mọ́rì 1 MB péré! Ní 1024×768 (iye àmì kéékèèké tó ń hàn lójú mọ́nítọ̀, ní ìbú àti òró), àwọ̀ 256 ni agbára ẹ̀ mọ. Àwọ̀ 65,536 máa gbà tó 1.5 MB. Mo bá dín iye àmì náà kù sí 800×600, kí àwọ̀ 65,536 lè gba inú 1 MB. Ààyè iṣẹ́ fún díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àlàárì ti di àlàárì padà, inú mi dùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n kọ́kọ́ ṣírò mẹ́mọ́rì kí n tó ra mọ́nítọ̀ tuntun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lóore. Ọ̀rọ̀ mi parí síbí.