Géèmù Resident Evil àkọ́kọ́: èwo lẹ gbá, kí lojú yín rí?

Ọmọ Wàndó: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn látàná. Ó ní bí òun ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn báyìí ni ajá fọ́ fèrèsé wọlé. Tèmi ńkọ́? Fèrèsé kàn sán, mo bá tèmi lọ. Ta ló ń parọ́?

Kétu Lọmọ: Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ti 1996 lẹ̀gbọ́n rẹ gbá, ti PlayStation. Ìwọ gbá èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2002 fún GameCube. Mikami ló darí méjèèjì, ó sì mọ̀ pé àwa àgbà á ti na ìbọn de ajá. Mo na ìbọn lóòótọ́. Ajá ò jáde. Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà tí mo tún gba ibẹ̀ padà, tí mo ti gbàgbé, ni wọ́n bẹ́ lù mí. Mánẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń gbá géèmù bọ́ sínú abọ́ gàrí àbúrò mi.

Sísí Àjàrá: Yéè! Ṣé mánẹ́ẹ̀tì yè é?

Kétu Lọmọ: Ó yè. Gàrí ni kò yè.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ajá kọ́ ni wàhálà. Nínú ti 2002 yẹn, òkú tó ń rìn tó o bá yìnbọn pa, tí o ò sun ún, tí orí rẹ̀ ò sì fọ́, á tún dìde. Orí á ti pọ́n, eré ni yóò máa sá. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà torí kẹrosíìnì tán. Ẹ má bi mí léèrè ìyókù.

Bàbá Mùíná: Kẹrosíìnì tán? Pẹ̀lú gbogbo kpayo, epo fàyàwọ́, tó wà létí títì Àjàṣẹ́?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ìgò kan fi ránṣẹ́ sí Jill tí mò ń fi gbá géèmù.

Sídì Àtijọ́: Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ti Saturn, ẹ̀rọ géèmù Sega, 1997, ní ìjà àfikún. Wesker, ọ̀gá ikọ̀ Jill, ti di òkú tó ń rìn níbẹ̀, Tyrant, abàmì ẹ̀dá ìparí géèmù, aláwọ̀ wúrà sì wà.

Sísí Àjàrá: Irọ́ ńlá.

Kétu Lọmọ: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní Saturn níbí? Fọ́tò dà?

Sídì Àtijọ́: Ti àna mi ni, ní Kùtọnu.

Kétu Lọmọ: Àna. Ó dáa.

Alákàrà: Ẹ̀dà Dual Shock ti 1998, ti PlayStation, ni mo ní. Wọ́n pààrọ̀ orin rẹ̀. Fèrè ìsàlẹ̀ ilé yẹn, ẹ dákun, ta ló fun ún? Ìyá mi wọlé wá bèèrè ohun tó ń ṣe mí.

Bàbá Mùíná: Tèmi, ilẹ̀kùn tó máa ń hàn tí o bá ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni. Ó ń ṣí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni ń ṣí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu.

Ọmọ Wàndó: Sídì ló ń wá yàrá tó kàn, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà yín.

Bàbá Mùíná: Kí ló wá dé tí ilẹ̀kùn ṣì wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n tún dán ní 2015, tí kò sí sídì tó ń wá nǹkan kan?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ó ti bá a níbẹ̀! Wàndó, fèsì.

Sísí Àjàrá: Ẹni tó bá fẹ́ ta káàdì mémórì PlayStation, kó bá mi sọ̀rọ̀. Má bèèrè owó Kùtọnu o.