Ìparí ọ̀rọ̀: ilé Ìkòròdú àti gbèsè lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Ìbéèrè ọjọ́sí ni pé: tọkọtaya kọ́lé s'Ìkòròdú, orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀, gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ò tíì tán. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in?

Irú ìgbéyàwó lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ti rẹ́jísìrì, ilé ẹjọ́ gíga ni. Abala 72 òfin ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970 (Matrimonial Causes Act) ló fún adájọ́ lágbára láti pín dúkìá bó ṣe tọ́. Ti ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni, abala yẹn ò sì kàn án. Ìdajì-ìdajì tí àwọn kan ń pariwo? Kò sí nínú òfin wa.

Ẹ̀rí ló ń jà. Ìyàwó tó rówó ra búlọ́ọ̀kù àti irin, àmọ́ tó kàn kówó lé bíríkìlà lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń há. Rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì, àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù pàápàá, ẹ tò ó bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra.

Ní ti gbèsè, ẹni tó fọwọ́ síwèé lolówó mọ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ ò tú onídùúró sílẹ̀. Ẹ yọ gbèsè ilé kúrò kẹ́ ẹ tó pín. Ká ní ilé tó mílíọ̀nù 12, tí gbèsè ku mílíọ̀nù 2.4, mílíọ̀nù 9.6 lẹ ó pín. Èyí tẹ́nì kan fi ra aṣọ ẹbí, kó lọ dá a san.

Ẹni tó bá máa gba ilé, kí agbẹjọ́rò kọ ìwé rẹ̀, kó sì gba àṣẹ gómìnà sí i.