Bí a ṣe lè bó ọ̀dà àtijọ́ lára Spitfire Airfix tí wọ́n ti tò dé ìdajì

Afọwọ́tò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Spitfire Airfix ìwọ̀n 1/72 kan wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú ogun kékeré oníke tí à ń tò, ìdá kan nínú 72 ọkọ̀ gidi. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tò ó dé ìdajì. Ó ti lẹ apá mọ́ ara ọkọ̀, ó sì ti lẹ ìjókòó awakọ̀ sínú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú àti dígí orí awakọ̀ ṣì wà lọ́tọ̀. Ọ̀dà tó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún nipọn débi pé àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara apá ti dí. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ náà jọ enamel (ọ̀dà olóròóró), mi ò mọ irú èyí tó wà lókè rẹ̀. Mo ní tínà táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, mo ní Dettol, mo sì lè ra isopropyl (irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu). Èwo ni kí n lò tí ike náà kò fi ní bàjẹ́, tí ibi tí wọ́n lẹ̀ kò sì ní tú?

Ọlọ́dà:
Ẹ má jẹ́ kí tínà yẹn kàn án rárá. Polystyrene ni ike Airfix, tínà mọ́tò, acetone àti bẹntiróòlù sì máa ń yọ́ ọ. Ọ̀dà á bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti ike ni yóò jọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tó jẹ́. Ẹ ki òwú bọ isopropyl, kí ẹ fi ra ibi tó fara sin fún ìdajì ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ bá bá òwú wá, acrylic (ọ̀dà olómi) ni. Bí kò bá wá, ẹ gbìyànjú white spirit (tínà tí wọ́n fi ń po enamel). Bí ìyẹn bá gbé àwọ̀, enamel tí kò tíì gbẹ dénú ni. Bí méjèèjì ò bá ṣe nǹkan kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé enamel tó ti gbó ni. Òróró inú enamel máa ń fa oxygen láti inú afẹ́fẹ́, á sì so mọ́ra wọn títí láé. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n fi pò ó lákọ̀ọ́kọ́ kò fi lè tú u mọ́.

Fún acrylic, isopropyl 99% ni mo fara mọ́ jù. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Ẹ yọ dígí orí awakọ̀ sọ́tọ̀, torí ike tó mọ́ gaara lè sán wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀.

Dettol náà ń ṣiṣẹ́, èyí tó ní àwọ̀ tíì, kì í ṣe ọṣẹ rẹ̀. Ẹ má fi omi là á. Wákàtí 12 sí 24. Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: bí ọ̀dà tó ti rọ̀ nínú Dettol bá kan omi, á funfun, á sì máa lẹ̀ bí oje igi. Dettol lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ ọ̀dà kúrò, kẹ́ ẹ fi Dettol mìíràn tó mọ́ ṣàn án, lẹ́yìn náà ọṣẹ olómi ìfọbọ́. Omi ló kẹ́yìn.

IkeFúnfún:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọlọ́dà, ṣùgbọ́n enamel tó ti gbó kì í gbọ́ ti isopropyl. Kọ́sítíìkì sódà, èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ló ń kápá rẹ̀. Giramu 50 sínú lítà kan omi tútù. Sódà ni ẹ ó dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé sódà, á hó, ó sì lè ta síni lójú. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, sódà á jẹ ẹ́, á sì tú hydrogen jáde. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú di dandan. Òróró inú enamel ni sódà ń sọ di ọṣẹ, ìyẹn ló fi ń bọ́. Kì í ṣe polystyrene ní nǹkan kan. Ní Britain, oven cleaner (ohun ìfọ ààrò) tí wọ́n kọ sodium hydroxide, orúkọ mìíràn fún kọ́sítíìkì sódà, sí lára ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àkànní72:
Brake fluid táwọn mẹkáníìkì ń lò náà ń bó enamel o, kò sì wọ́n.

IkeFúnfún:
Ẹ̀gbọ́n, ó ń bó o, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀. Ó lóró, kì í tètè fọ̀ tán nínú kọ́lọ́fín, ó sì lè sọ ike tó ti pẹ́ di ohun tó ń kán. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ rẹ igi ike tí wọ́n gé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀ sínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kó sì tẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò yẹn dára fún ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, àní oven cleaner pàápàá.

Afọwọ́tò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi òwú dán an wò: acrylic ló wà lókè, enamel tó ti gbó ló wà lábẹ́. Ṣé kí n kàn ri gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ọlọ́dà:
Ẹ má rì í. Ara ọkọ̀ yẹn ti di kòròfo tí wọ́n pa dé. Ohun tó bá gba ihò abẹ̀bẹ̀ wọlé kò ní jáde tán. Sódà tó bá há síbẹ̀ á máa sun jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kun ọ̀dà tuntun, á sì bà á jẹ́. Ẹ fi Blu Tack (ìlẹ̀mọ́ rírọ̀ bí amọ̀) dí gbogbo ihò. Fún òkè, ẹ rẹ tíṣù sínú isopropyl, ẹ tẹ́ ẹ lé e, ẹ fi náílọ́nù wé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó kan abẹ́. Oven cleaner tó ki ni kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa síbẹ̀, náílọ́nù lé e, wákàtí méjì, ẹ nù ún, ẹ ṣàn án lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ti tó; omi gbígbóná lè mú kí apá tó tín-ín-rín kákò.

Ní ti ibi tí wọ́n lẹ̀: àtè kíìtì (gúlù tí wọ́n ṣe fún irú ike yìí) máa ń yọ́ ike méjèèjì pọ̀ ni, isopropyl, Dettol àti sódà kò ní tú u. Súpágúlù àti gúlù funfun lè tú. Bí wọ́n bá tú, ẹ ha ojú wọn mọ́, kẹ́ ẹ fi àtè kíìtì tún un lẹ̀. Pọ́tì tí wọ́n fi dí àlàfo náà lè rọ̀. Ẹ ha á kúrò, ẹ fi tuntun sí i.

Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù sínú ìlà, igi ìtayín tó mú ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́, torí irin máa ń fa ìlà tuntun. Bí àwọ̀ bá ṣì hàn lára ike, àbàwọ́n lásán nìyẹn. Bí ọwọ́ ò bá ti kan ìpele ọ̀dà níbẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ á bò ó.