Ta ló ti rìn létí odò ní àríwá Pọ́túgàl rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àrìnkè Manchester: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ Porto fún oṣù karùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà la máa lò. A ò fẹ́ jókòó sígboro, odò la fẹ́ máa tẹ̀ lé, ká sì tún rí nǹkan àtijọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí jọ̀ọ́ kó sọ tiẹ̀, ì báà dùn, ì báà korò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Passadiços do Paiva, ní Arouca. Ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíì lọ.

Ìyá Fèyí: Paiva dáa lóòótọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ sọ fún un pé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ o. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà yẹn, ó lé ní kìlómítà 8, odò á máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti Areinho bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn lẹ máa kọ́kọ́ pàdé, ó sì pọ̀ gan-an.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ti Areinho yẹn náà ló dáa jù. Agbára àárọ̀ lẹ máa fi gun àtẹ̀gùn, ìyókù á rọrùn títí ẹ ó fi dé Espiunca, takisí á gbé yín padà sídìí mọ́tò yín.

Ìyá Fèyí: Rárá o. Espiunca lèmi ti bẹ̀rẹ̀ kí n lè bá afárá ńlá tí wọ́n so rọ̀ lókè odò yẹn pàdé lọ́wọ́ ìparí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí afárá, kí ló tún fẹ́ wò mọ́?

Ayọ̀ Lisbon: Afárá yẹn! Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, mítà 516 ni gígùn ẹ̀, ó sì fi mítà 175 ga ju odò lọ. Irin oníhò-oníhò ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wolẹ̀ báyìí ẹ̀ ń wo omi láàárín bàtà yín méjèèjì. Àbúrò mi di okùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú, ó ń ka Sáàmù 121 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tá a dé òdì kejì ó ní ká tún padà.

Bàbá Ìbejì Braga: Àǹtí Àrìnkè, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ponte de Lima ni, ọdún kejì tá a dé Braga, àwọn ìbejì ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ecovia la bá lọ, ọ̀nà pẹrẹsẹ tó tẹ̀lé etí odò Lima, kẹ̀kẹ́ pàápàá ń gbabẹ̀. Ká rìn díẹ̀ ká padà wá jẹun ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgò omi kan ṣoṣo la mú dání. A gba orí afárá òkúta wọn, apá kan ẹ̀ àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ, bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì Kẹ́hìndé rí ọfà yẹ́lò tí wọ́n kùn sára ògiri, ó ní dádì, ọ̀nà rèé, mo wò ó mo ní òótọ́ ni, la bá tẹ̀ lé ọfà. Èmi ò mọ̀ pé ọfà yẹ́lò yẹn, ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ìrìn-àjò ìsìn lọ Santiago ní Spéènì ni, ọ̀rọ̀ odò ò kàn án rárá! A ń lọ, à ń lọ, odò ò sí mọ́, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè, òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé òkè Labruja là ń gùn, òun ló le jù lọ́nà Santiago tó gba ìhà yẹn. Omi tán. Táyé jókòó sórí òkúta, ó ní òun ò lọ mọ́.

Ìyá àgbà kan ló rí wa lẹ́nu géètì ẹ̀. Ó ní "Bom Caminho", ohun tí wọ́n ń kí àwọn arìnrìn-àjò Santiago nìyẹn. Èmi ní "rio, rio", pé odò là ń wá. Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ló bá fa àwọn ọmọ lọ síbi ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn látinú òkúta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí wọn lórí gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, ó gé búrẹ́dì àgbàdo fún wọn, broa ni wọ́n ń pè é, èèpo ẹ̀ le, inú ẹ̀ tutù, ó wúwo lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀ ló fi mọ́tò gbé wa sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ Kérésì ọdún yẹn a gbé kéèkì lọ fún màmá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, fóònù ńkọ́? Máàpù ò sí ni?

Bàbá Ìbejì Braga: Bátìrì ti kú, àwọn ọmọ ti fi ya fọ́tò ewúrẹ́.

Àjàlá Kékeré: Kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kọ́ àmì ọ̀nà kẹ́ ẹ tó lọ. Ìlà yẹ́lò àti pupa, ọ̀nà kúkúrú nìyẹn. Funfun àti pupa, ọ̀nà jíjìn ni. Tí wọ́n bá fi ìlà méjèèjì dábùú ara wọn, ẹ má gbabẹ̀.

Ọmọ Àgùdà: Bàbá Ìbejì, ibi tẹ́ ẹ ti sọnù yẹn gan-an, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ̀ láti dá odò Lima yẹn kọjá níbẹ̀, ó ti lé ní ọdún 2,100. Wọ́n gbà pé Lete ni, odò ìgbàgbé, pé ẹni tó bá sọdá á gbàgbé ilé, á gbàgbé orúkọ ara ẹ̀. Ọ̀gá wọn, Decimus Junius Brutus, ló kọ́kọ́ wọ inú omi. Nígbà tó gúnlẹ̀ sódìkejì, ó kọjú sí wọn, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé iyè òun ò ra. Ère wọn wà níbẹ̀ dòní, àwọn ọmọ ogun tò sí bèbè kan, ọ̀gá wà lórí ẹṣin ní bèbè kejì.

Ìyá Fèyí: Ká ní Yorùbá ni, oríkì ni ì bá fi pè wọ́n.

Ayọ̀ Lisbon: Kí wọ́n tó ki ẹni kẹwàá tán ilẹ̀ ti ṣú 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́? Ìtàn tí wọ́n fi ń pe àlejò ni.

Ọmọ Àgùdà: Ìtàn yẹn ti wà kí wọ́n tó máa pe àlejò kankan, àwọn òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ odò ìgbàgbé yẹn sílẹ̀. Bó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dúró sí bèbè yẹn lówùúrọ̀ nígbà tí kùrukùru bá bo omi, ẹ ó mọ ohun tó bà wọ́n lẹ́rù.

Àrìnkè Manchester: Mo ti kọ Ponte de Lima sílẹ̀ o. Kí ló tún wà ládùúgbò ibẹ̀?

Àjàlá Kékeré: Soajo! Àká ló wà níbẹ̀, mà. Òótọ́ ni mo sọ, àká, 24, gbogbo wọn dúró lórí àpáta kan ṣoṣo, òkúta ni wọ́n fi kọ́ wọn. Espigueiro ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹsẹ̀ bíi ti àká wa, wọ́n wá gbé òkúta pẹlẹbẹ lé orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó yọ síta bí ìdérí, tí eku bá gùn ún dé ibẹ̀ orí ẹ̀ á gbá a, kò ní lè kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní àlàfo tóóró-tóóró kí atẹ́gùn lè gbẹ àgbàdo inú ẹ̀. Wọ́n gbé àgbélébùú sórí òrùlé. Wọ́n kọ 1782 sára èyí tó dàgbà jù. Mo fọwọ́ kan òkúta eku yẹn, mo rántí àká bàbá bàbá mi ní Ìwéré-Ilé, tiẹ̀ páànù ló fi wé ẹsẹ̀ ẹ̀, ọgbọ́n kan náà. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ìyá Fèyí: Àgbàdo náà Amẹ́ríkà ló ti wá fún wọn bó ṣe wá fún wa.

Bàbá Ìbejì Braga: Kò jìnnà síbẹ̀ ni Vilarinho da Furna wà, nínú páàkì Gerês. Abúlé odindi, wọ́n sé odò ibẹ̀, wọ́n ṣí dáàmù yẹn lọ́dún 1972, omi bo gbogbo ilé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi bá fà, ẹ ó rí ògiri, ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà tóóró tí màlúù ń gbà. Mo wọ inú ilé kan níbẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ ti sán, mo rí ibi tí wọ́n ń dáná.

Ayọ̀ Lisbon: Ẹ̀rù ò bà yín?

Bàbá Ìbejì Braga: Àánú ló ṣe mí. Mo ń yọ bàtà kí n tó rántí pé kò sẹ́ni nílé.

Ọmọ Àgùdà: Ohun tí wọn ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní Foz Côa nìyẹn. Dáàmù ti ń gòkè bọ̀ lórí odò Côa kí ayé tó gbọ́ lọ́dún 1994 pé àwòrán wà lára òkúta ibẹ̀, ẹṣin, ewúrẹ́ òkè, màlúù ìgbẹ́, òmíì ti lé ní 20,000 ọdún. Àwọn ọmọ iléèwé ìlú yẹn jáde, wọ́n ní àwọn àwòrán ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìjọba tuntun dá iṣẹ́ dúró, UNESCO sì kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 1998.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àwòrán ewúrẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ fi iná mànàmáná sílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹni tí ò níná ò lè jẹ àwòrán.

Ìyá Fèyí: Ọmọ Ìjẹ̀bú, omi Kàíńjì bo Bussa àtijọ́ lọ́dún 1968, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Bussa tuntun. Ṣé iná wá kì í lọ nílé tìẹ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyẹn ò sọ pé dáàmù ò dáa mà, àwọn tó ń pín in ló yẹ kẹ́ ẹ bá wí.

Ọmọ Àgùdà: Lọ wò ó kó o tó sọ̀rọ̀. Penascosa ni mo lọ, ọ̀kan lára ibi tí àwọn àwòrán yẹn wà, jíìpù ló gbé wa sọ̀ kalẹ̀ láti Castelo Melhor. Mo wo òkúta, mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó mú wa lọ ní ká sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ka ìlà náà lófuurufú láìfọwọ́ kàn án, ẹṣin kan bá yọ sí mi, orí mẹ́ta ló ní, torí ẹni tó gbẹ́ ẹ fẹ́ kó dà bíi pé ó ń mi orí. Omijé bọ́ lójú mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Orí mẹ́ta?

Ọmọ Àgùdà: Orí mẹ́ta lára ẹṣin kan ṣoṣo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó dáa, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń gba àyè síbẹ̀ ránṣẹ́.

Ayọ̀ Lisbon: Tẹ́ ẹ bá ń gbà á, Penascosa ọ̀sán ni, oòrùn ọ̀sán ló ń jẹ́ kí ìlà yẹn hàn.

Àrìnkè Manchester: Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó ní a ò ní lọ Paiva mọ́, Ponte de Lima, Soajo àti Côa la máa lọ. Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá tó gé búrẹ́dì yẹn ṣì wà láyé? Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè bóyá a lè yà kí wọn.

Bàbá Ìbejì Braga: Wọ́n wà o. Àná la bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọfà yẹ́lò.