Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ká ní kí káńsù kọ́kọ́ ṣe bí Ifẹ̀ ṣe ń fẹ̀ yìí?

Onílé_Ọ̀nà-Ẹdẹ
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Káńsù fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ṣèpàdé, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ onílé tiwa, lápá Ọ̀nà Ẹdẹ ní Ilé-Ifẹ̀, mú àbá wá. Èmi ni wọ́n gbé bírò lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo kó débí, oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìnkùlé mi. Lónìí, mo lè nawọ́ láti ojú fèrèsé kí n gba iyọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó aládùúgbò. Kò sí gọ́tà, ojú ọ̀nà ò lórúkọ, ibi tá a bá rí la ń da ìdọ̀tí sí. Àwọn kan ní ká ṣáà tọrọ ọ̀dà títì. Ọkàn mi ò gbà á. Mo fẹ́ ká béèrè ohun tí agbára káńsù ká, tí yóò sì mú kí agbára wọn pọ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Alátẹ_Sábó
Ibi ìkódọ̀tísí ni kẹ́ ẹ kọ ṣe nọ́ńbà kìíní o. Àwa tá a jókòó ti ọjà là ń gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó kù, ẹ̀yin alákọ̀wé ẹ máa bá a lọ.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ káńsù. Mi ò ní sọ ibi tó jẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù pákó kan wà ní ọ́fíìsì wa tí a ń kó píláànì ilé sí. Ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ síbòmíràn, kọ́kọ́rọ́ sì bá a lọ. Ọdún méjì la fi ń wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ọjọ́ tí káfíńtà wá já a, ikán ti jẹ ìwé náà dé ibi tí wọ́n buwọ́ lù. Erùpẹ̀ la gbá jáde, a da á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní káńsù ò lágbára, ẹ má rò pé owó nìkan ni. Káńsù ò mọ iye ilé tó wà lábẹ́ òun. Ẹ ṣí Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 dé Àfikún Kẹrin: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni fífún ojú ọ̀nà lórúkọ, fífún ilé ní nọ́ńbà, ìdọ̀tí kíkó, ọjà, gáréèjì, àti dídíwọ̀n ilé fún owó orí ilé. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà ilé. Páànù pélébé kan àti ọ̀dà funfun ni. Ta ni yóò kó ìdọ̀tí ilé tí kò mọ̀ pé ó wà?

Ọmọ_Obòkun
Ẹ ṣeun bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Iléṣà, bí ẹ bá rí ẹni tó gbé ìwé àti bírò wọ àdúgbò, "wọ́n ti dé, owó orí ni" ló máa ń tẹ̀ lé e. Òṣómàáló ni àwọn bàbá wa ṣe, a mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó gbowó. Kí wọ́n wá lóṣòó ti àwa náà, kí wọ́n gbowó, ká má rí iṣẹ́, ìyẹn ni a ò gbà. Kí wọ́n ṣe ohun kan tójú rí ná.

Ẹ sì ti gbàgbé nǹkan kan. Ìlú kan ni Iléṣà, káńsù méjì ló ń mójú tó o, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifẹ̀ yín, Àárín Gbùngbùn àti Ìlà-Oòrùn. Omi òjò ò mọ ààlà. Bí tìhín bá la gọ́tà tí tọ̀hún ò là á, ẹ ti darí omi lọ sí yàrá ìyá arúgbó kan nìyẹn. Ẹ béèrè pé kí káńsù méjèèjì jọ ní ìgbìmọ̀ kan lórí gọ́tà àti ìdọ̀tí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Wọ́n pè mí lóru pé obìnrin kan ń rọbí. "Tẹ́ ẹ bá ti dé ìdí máńgòrò, ẹ yà sọ́tùn-ún." Wọ́n ti gé máńgòrò náà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. A fi iná ọ̀kadà wá a tì. Ìgbà tí mo débẹ̀, ọmọ ti wà lọ́wọ́ ìyá-ọkọ. Ọpẹ́ ni pé tìyátọmọ là, àmọ́ ta ni ǹ bá bá wí, igi máńgòrò?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ètò-Ìlú
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Etí odò la wà, a tún ń fi itọ́ bọ́jú. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ètò ìlú wà ní OAU, ìyẹn Yunifásítì Ifẹ̀ wa, èyí tó ń kọ́ni nípa ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ní 1976, Yunifásítì Ifẹ̀ yìí wà lára mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ ní kó máa kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ níṣẹ́, pẹ̀lú Zaria àti Nsukka. Inú ọgbà kan náà ni AFRIGIST, ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ilẹ̀, wà, èyí tá a ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní àwòrán ilẹ̀ yíyà. Ẹ ní kí káńsù rán òṣìṣẹ́ méjì lọ. Kí wọ́n tó padà dé, ẹ lo OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn jọ ń yà; kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní fóònù lè fi ilé àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí rẹ̀, ikán ò sì lè jẹ ẹ́.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Kí ẹ fi kún un pé kí wọ́n má gbé ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n rán èmi lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan. Ìgbà tí mo fi máa dé, àga mi ti wà ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀.

Lọ́yà_Ẹnuwá
Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ nínú ìwé yín. Òfin 88 ti ọdún 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀ fún ètò ìlú. Àmọ́ ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀. Ẹ ò ní fẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ káńsù ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ní ti owó, ilé-ẹjọ́ náà ló pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn jù o. Ẹ̀yin náà rí bí owó káńsù ṣe di ìjà lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀ṣun ní 2025. Káńsù tó mọ ilé rẹ̀, tó sì ń fún onílé ní rìsíìtì, ò ní máa wojú Abuja fún gbogbo nǹkan.

Onílé_Ọ̀nà-Ẹdẹ
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí ni mo kọ báyìí: nọ́ńbà ilé, kí owó tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí nínú owó orí ilé lọ sí ìdọ̀tí kíkó ní àdúgbò kan náà, kí wọ́n sì lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri káńsù (Ọmọ Obòkun, tìrẹ nìyẹn), ìgbìmọ̀ káńsù méjèèjì, òṣìṣẹ́ méjì sí AFRIGIST, ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Mo yọ ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ kúrò.

Ṣáájú ìpàdé, a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa ka ilé ojú ọ̀nà wa ní Sátidé. A ò ní fún un lórúkọ, torí iṣẹ́ káńsù nìyẹn, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ àti ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún un ṣì wà ní kóòtù. Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o lè yọjú ní aago mẹ́jọ kó o fi bí wọ́n ṣe ń lo OpenStreetMap hàn wá?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ètò-Ìlú
Màá wá, sà. Ẹ bá mi wá ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ ń pẹ́.

Ìyá_Alátẹ_Sábó
Mo ṣì ń wo ibi tí ẹ kọ ìdọ̀tí tèmi sí.